Aṣọ Tí A Kò Dá fún Wa: Bí A Ṣe Lè Tún Òkìrìkà Ṣe Nílé Kí Ó Bá Ara Mu

Ẹ̀yin òbí wa, àti ẹ̀yin tí a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní ilé-ìwé yìí, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé àjọ̀dún ti ọdún yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá. Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àti òwú ni. Àwa díẹ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ni a ń tọ́jú àpótí aṣọ tí ó wà ní yàrá ìránṣọ, èyí tí àwọn ọmọ tí ó ń jáde ń fi yunifọ́ọ̀mù wọn sí fún àwọn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn. Láti ìgbà tí a ti wà nídìí rẹ̀, ìbéèrè kan ni àwọn òbí ń bi wá ju ìbéèrè mìíràn lọ: aṣọ ti wà, ṣùgbọ́n kò bá ọmọ mu, kí ni kí a ṣe? Nígbà tí a bá sì bá wọn dé ìdí ọ̀rọ̀ náà, a máa ń rí i pé kì í ṣe ti yunifọ́ọ̀mù nìkan. Aṣọ ìjọ́sìn, aṣọ ọjọ́ ìfúnnilẹ́bùn, kóòtù tí bàbá yóò wọ̀ wá sí ìpàdé àwọn òbí, ọjà òkìrìkà ni púpọ̀ nínú wa ti ń rà wọ́n, bí a tilẹ̀ ń ṣe bí ẹni pé a kò dé ibẹ̀ rí.

Orúkọ tí a sọ aṣọ wọ̀nyí gan-an ti fi ìtìjú náà hàn. Òkìrìkà jẹ́ orúkọ ìlú kan létí omi ní Ìpínlẹ̀ Rivers, lẹ́bàá Port Harcourt, a sì ti mú orúkọ ìlú onílùú, a fi ń pe aṣọ àlòkù. Bọ́síkọ̀nà ní tirẹ̀ kò nílò àlàyé fún ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá: yà sí kọ̀rọ̀, kí ojúlùmọ̀ má baà rí ọ. Ìjọba pàápàá ti fi aṣọ àlòkù sínú àwọn nǹkan tí a kò gbọdọ̀ kó wọ orílẹ̀-èdè yìí láti òkè òkun, síbẹ̀ ẹni tí ó bá ti dé ọjà Katangowa ní Èkó rí mọ̀ pé béèlì kò yéé wọlé. Àwọn kan ń rojọ́ pé òkìrìkà ti pa àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń hun aṣọ nílé wa lára, ẹjọ́ wọn sì ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. A kò kọ̀wé yìí láti gbèjà ọjà náà. Ṣùgbọ́n òbí tí ó ní ọmọ mẹ́ta nílé-ìwé, tí owó ilé-ìwé ti gbá ìsàlẹ̀ àpò rẹ̀ mọ́ tónítóní, kò lè dúró de ìgbà tí ẹjọ́ náà yóò parí.

Ìṣòro tí ó ń dojú kọ irú òbí bẹ́ẹ̀ ni pé owó tí télọ̀ yóò gbà láti tún ṣòkòtò òkìrìkà ṣe sábà máa ń tó owó tí a fi ra ṣòkòtò náà, nígbà mìíràn ó ń jù ú lọ. Nítorí náà ni ọmọ ṣe ń wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Yóò ká ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta, yóò fi ìgbànú fún un ní ìbàdí títí yóò fi ṣù jọ bí ẹnu àpò gàrí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a sì rí i. A mọ ọmọ tí ó mọ̀wé dáradára, tí orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn tí a ó fún lẹ́bùn, tí kò dìde nígbà tí a pè é, nítorí kóòtù tí èjìká rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ dé apá. Àwọn àgbà ní aṣọ ni à ń kí kí a tó kí ènìyàn. Àwa àgbàlagbà lè bá òwe náà jiyàn bí a bá fẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá kò lè bá a jiyàn.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé púpọ̀ nínú iṣẹ́ àtúnṣe yìí kò ju agbára abẹ́rẹ́ ọwọ́ lọ, àti pé ìdajì rẹ̀ ni a ń ṣe ní ọjà kí a tó sanwó.

Aṣọ àwọn baba wa kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìṣòro àìbáramu. Bùbá, gbọọrọ ni a gé e, apá rẹ̀ náà sì rí gbọọrọ. Ìró a máa gba ara ẹni tí ó bá ró o; ìyá lè ró o lónìí kí ọmọ ró o lọ́la. Ṣòkòtò a máa ní okùn lẹ́nu, ẹni tí ó sanra yóò fà á díẹ̀, ẹni tí ó tínrín yóò fà á púpọ̀. Aṣọ òyìnbó kò rí bẹ́ẹ̀. Ara ni a gé e tẹ̀lé: ihò apá rẹ̀ ní ìwọ̀n, èjìká rẹ̀ dà sílẹ̀ díẹ̀, ibi ìbàdí rẹ̀ fún ju ibi ìdí lọ. Ara ẹlòmíràn tí a kò mọ̀ rí ni a sì fi wọ̀n ọ́n. Nọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn ọrùn kò lè ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀, nítorí nọ́ńbà 12 lára gáùn obìnrin tí ó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú nọ́ńbà 8 ti Amẹ́ríkà àti nọ́ńbà 40 ti Faransé, inú òkìtì kan náà sì ni ẹ ó ti bá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Téèpù ni kí ẹ gbà gbọ́.

Nítorí náà, kí ẹ tó jáde nílé, ẹ wọn ọmọ náà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀: àyà, ìbàdí, ibi tí ìdí ti tóbi jù, ibú èjìká láti eegun kan dé èkejì ní ẹ̀yìn, àti gígùn láti ìbàdí dé kókósẹ̀. Ẹ mú téèpù náà dání lọ sí ọjà. Bí ìyá tí ń ta aṣọ bá ń fi yín rẹ́rìn-ín, ẹ bá a rẹ́rìn-ín, kí ẹ sì máa wọn aṣọ yín lọ.

Òfin tí a fẹ́ kí ẹ dì mú ju gbogbo rẹ̀ lọ nìyí: ẹ ra aṣọ tí ó bá ara mu níbi tí àtúnṣe ti ṣòro, kí ẹ sì jẹ́ kí ó tóbi níbi tí àtúnṣe ti rọrùn. Ibi tí ó ṣòro jùlọ lára ẹ̀wù ni èjìká. Láti dín èjìká kóòtù kù, a ní láti tú apá rẹ̀ kúrò, kí a tú aṣọ inú, kí a yọ tìmùtìmù kékeré tí ó wà níbẹ̀, kí a tún ihò apá gé, kí a tó dá ohun gbogbo padà sí ipò. Télọ̀ tí ó mọṣẹ́ pàápàá kì í fi ìdùnnú gba iṣẹ́ náà. Bí èjìká kóòtù kò bá jókòó sórí eegun èjìká ọmọ, ẹ fi í sílẹ̀, bí ó ti wù kí ó lẹ́wà tó. Ní ti ṣòkòtò àti síkẹ́ẹ̀tì, ìdí àti itan ni kí ẹ fi ṣe òdiwọ̀n, kì í ṣe ìbàdí. A lè dín ìbàdí kù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ṣòkòtò tí ó fún ní itan kò ní àtúnṣe tí ó dùn-ún wò.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yí inú aṣọ náà síta níbẹ̀ lójú ọjà, kí ẹ wo àwọn ojú rírán rẹ̀. Nínú ojú rírán kọ̀ọ̀kan ni àṣẹ́kù aṣọ wà, èyí tí ó kọjá ẹnu òwú. Àṣẹ́kù yìí ni gbogbo ọrọ̀ tí ẹ ní bí ẹ bá fẹ́ kí aṣọ náà fẹ̀ sí i. Aṣọ tí a rán fún ọjà pọ́ọ́kú kì í sábà ní àṣẹ́kù tí ó ju ìlàjì íǹṣì lọ, ẹ̀rọ sì ti gé etí rẹ̀ mọ́ òwú. Irú èyí ṣe é dín kù, kò ṣe é fẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣòkòtò súùtì ọkùnrin sábà máa ń ní àṣẹ́kù tó íǹṣì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ojú rírán àárín ẹ̀yìn, nítorí àwọn tí ó rán an mọ̀ pé ikùn àgbà a máa yọ síwájú.

Ẹ gbé aṣọ náà sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ẹ wo abẹ́ apá, ẹ wo orúnkún, ẹ wo ibi tí itan ti ń fi ara gbo ara. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ níbẹ̀ ju ibi yòókù lọ, aṣọ ti jẹ tán, òwú tuntun kò sì ní rí ohun dì mú. Síìpù tí ó ti bàjẹ́ kò burú tó bẹ́ẹ̀, bọ́tìnnì tí ó ti já kò burú rárá, ẹ sì lè tìtorí méjèèjì já iye owó rẹ̀ wálẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá dé ilé, ẹ má tíì fọwọ́ kan àlùmọ́gàjí. Ẹ fọ aṣọ ná. Aṣọ òwú ni kí ẹ rẹ sínú omi gbígbóná àti ọṣẹ. Aṣọ onírun àgùntàn, omi tútù ni tirẹ̀, nítorí omi gbígbóná àti fífọwọ́ gbo o yóò sọ ọ́ di aṣọ ọmọ-ọwọ́. Ẹ sá a sínú oòrùn, nígbà tí ó bá sì gbẹ, ẹ fi áyọ́ọ̀nù lọ àwọn ojú rírán rẹ̀ láti inú. Ooru áyọ́ọ̀nù a máa pa ẹyin iná aṣọ tí ó bá fara pamọ́ síbẹ̀. Ìdí kejì fún fífọ̀ ṣe pàtàkì fún ẹni tí yóò ránṣọ: aṣọ òwú a máa súnkì nínú omi gbígbóná, bí ẹ bá sì ti rán an kí ó tó súnkì, ìwọ̀n yín ti di asán.

Olúwa wa fúnra Rẹ̀ mú àpẹẹrẹ láti inú iṣẹ́ yìí nígbà tí Ó sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ó fi ìrépé aṣọ tuntun lẹ ògbólógbòó ẹ̀wù. Àwọn oníwàásù ti túmọ̀ rẹ̀ ní oríṣiríṣi ọ̀nà, àwa kì yóò sì gba iṣẹ́ wọn ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti di abẹ́rẹ́ mú rí mọ ohun tí ó ṣe ẹ̀wù náà. Ìrépé tuntun kò tíì súnkì. Ògbólógbòó ti súnkì tipẹ́. Nígbà tí a fọ méjèèjì pọ̀, ìrépé fa ara rẹ̀ jọ, ó sì fa ẹ̀wù tí ó yí i ká ya. Ìrépé tí ẹ bá fẹ́ lò, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó rán an mọ́ nǹkan, tàbí kí ẹ mú un lára àkísà tí omi ti mọ̀. Nínú ọ̀rọ̀ yìí ni a ti ń rí i pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ má ṣe da àkísà nù.

Ó wá di ọ̀rọ̀ dídín aṣọ kù, èyí tí àwọn òbí ń béèrè jùlọ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ wọ ẹ̀wù náà ní òdì, kí inú rẹ̀ wà níta. Ẹ fún aṣọ náà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lọ́gbọọgba, kí ẹ fi píìnì dì í, láti abẹ́ apá lọ sí ìsàlẹ̀. Ẹ má ṣe gbogbo rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan nítorí pé ọwọ́ yín tó o. Ojú rírán yóò yí lọ sí iwájú ikùn, ẹ̀wù náà yóò sì máa rìn gbẹ̀rẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí ọmọ gbé apá sókè, kí ó jókòó, kí ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni fẹ́ so okùn bàtà. Aṣọ tí ó bá ara mu yàtọ̀ sí aṣọ tí ó lẹ̀ mọ́ ara. Ní àyà ẹ̀wù tí kì í fà, ẹ fi íǹṣì méjì sí mẹ́rin sílẹ̀ lórí ìwọ̀n ara, kí ọmọ lè mí.

Ìṣirò kan wà níhìn-ín tí ó ti ba ọ̀pọ̀ aṣọ jẹ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ lórí rẹ̀. Ká ní ẹ̀wù náà fi íǹṣì mẹ́rin tóbi jù ní àyà. Ẹni tí kò mọ̀ yóò sọ pé: ẹ̀gbẹ́ méjì ni, nítorí náà kí n wọ inú ní íǹṣì méjì ní ọ̀tún, íǹṣì méjì ní òsì. Yóò rán an, yóò gé ìyókù nù, ẹ̀wù yóò sì di èyí tí ó fi íǹṣì mẹ́rin kéré jù. Kí ni ó fà á? Ojú rírán kan so aṣọ méjì pọ̀, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn. Íǹṣì kan tí a bá wọ inú ní ẹ̀gbẹ́ kan yóò mú íǹṣì kan lọ lára iwájú, yóò sì mú íǹṣì kan lọ lára ẹ̀yìn. Mẹ́rin ni ẹ ó fi pín ohun tí ó lé, kì í ṣe méjì: íǹṣì kan péré ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ íǹṣì kan ni ẹ̀wù náà fi tóbi, ìdá mẹ́rin íǹṣì ni ẹ ó wọ inú, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ìbú igi ìṣáná méjì sí mẹ́ta lọ.

Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí ibi tí píìnì wà, kí ẹ yọ píìnì, kí ẹ sì fi òwú tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ rán an ní ìgbésẹ̀ gígùn gígùn, èyí tí àwọn télọ̀ ń pè ní táàkì. Kí ọmọ tún un wọ̀, lọ́tẹ̀ yìí ní ojú rere rẹ̀. Bí ìlà náà bá gba abẹ́ apá kọjá, ẹ má ṣe dá a dúró níbẹ̀ lójijì. Ẹ mú un wọ inú apá lọ, kí ẹ máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi pàdé ojú rírán àtijọ́. Ìgbà tí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn ni ẹ tó rán an ní àrántán. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ ìránṣọ kò ní láti bẹ̀rù. Rírán àpadàsẹ́yìn, nínú èyí tí abẹ́rẹ́ ń padà lọ sí ibi tí ó ti jáde kẹ́yìn kí ó tó fò síwájú ní ìlọ́po méjì, lágbára tó láti dúró fún ọdún púpọ̀, pàápàá bí ìgbésẹ̀ rẹ̀ bá kéré. Àwọn ìyá wa tí ó kọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ní ilé-ìwé ìjọ mọ̀ ọ́n lórí bí orúkọ wọn.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ fi àlùmọ́gàjí sílẹ̀ síbẹ̀. Bí àṣẹ́kù inú kò bá pọ̀ débi tí ó ń ṣù jọ, ẹ lọ̀ ọ́ tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ sì fi í síbẹ̀. Ọmọ yóò sanra, tàbí àbúrò rẹ̀ yóò jogún ẹ̀wù náà, aṣọ tí a bá sì ti gé kúrò kò ṣe é dá padà.

Ìbàdí ṣòkòtò súùtì rọrùn ju bí ó ti rí lójú lọ. Ojú rírán àárín ẹ̀yìn ni iṣẹ́ wà. Ẹ fi abẹ fẹ́lẹ́ tú ẹnu ṣòkòtò náà ní àárín ẹ̀yìn nìkan, kí ẹ tú ojú rírán tí ó lọ sí ìsàlẹ̀ ní bí íǹṣì márùn-ún, kí ẹ wọ inú ní òkè bí ó bá ti yẹ, kí ìlà tuntun náà sì máa rọra sún mọ́ ti àtijọ́ bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ààlà rẹ̀ ni bí íǹṣì méjì lápapọ̀. Bí ẹ bá kọjá bẹ́ẹ̀, àpò ẹ̀yìn méjèèjì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í súnmọ́ra bí ojú òwìwí, gbogbo ayé yóò sì mọ̀ pé aṣọ ẹlòmíràn ni.

Jíìnsì kò gbà fún irú iṣẹ́ yìí, nítorí ìlọ́po ojú rírán rẹ̀ nípọn ju abẹ́rẹ́ ọwọ́ lọ. Rọ́bà ni ẹ ó lò fún un, pàápàá fún ọmọ tí ó ń dàgbà. Ẹ la ihò kékeré méjì sí inú ẹnu ṣòkòtò náà, ọ̀kan ní ìhà ọ̀tún, ọ̀kan ní ìhà òsì, sí ìhà ẹ̀yìn, ní apá inú nìkan, kí ó má hàn síta. Ẹ fi rọ́bà pẹlẹbẹ gba inú rẹ̀ láti ihò kan dé èkejì, ẹ fà á títí ìbàdí yóò fi bá ọmọ mu, kí ẹ rán etí rẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀ gírígírí. Bí ọmọ bá sanra lọ́dún tí ń bọ̀, ẹ tú etí kan, kí ẹ dẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Okùn ṣòkòtò àwọn baba wa náà ni, ó kàn wọ aṣọ òyìnbó ni.

Aṣọ tí ó fún jù ni àwọn òbí ń rò pé kò sí ọgbọ́n fún. Bí ó bá jẹ́ abẹ́ apá nìkan ni ó fún, tí ọmọ kò lè gbé ọwọ́ sókè kí gbogbo ẹ̀wù má gòkè tẹ̀lé e, ẹ tú ibi tí ojú rírán mẹ́rin ti pàdé ní abẹ́ apá náà, kí ẹ fi ìrépé onígun mẹ́rin kékeré sí i, kí igun rẹ̀ kan wọ inú ojú rírán kọ̀ọ̀kan. Íǹṣì mẹ́ta níbùú lóròó tó fún ọmọdé. Ẹnikẹ́ni kò ní rí i àfi bí ọmọ bá ń júwọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ni ó fún láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ tú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ fi ọ̀já aṣọ gbọọrọ sí i. Ohun tí kò dára níbẹ̀ ni pé kí a fi aṣọ tí ó fẹ́ jọ ọ́ ṣùgbọ́n tí kò jọ ọ́. Ẹ wá èyí tí ó jọ ọ́ gan-an, tàbí kí ẹ wá èyí tí ó yàtọ̀ gedegbe, bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni a ti fẹ́ ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀. Fún yunifọ́ọ̀mù, ara yunifọ́ọ̀mù mìíràn tí ó ti gbó ni kí ẹ ti mú un, kí oòrùn tí ó pa ọ̀kan láwọ̀ jẹ́ èyí tí ó pa èkejì.

Ní ti gígùn, gbogbo wa ni a rántí Hánà, ìyá Sámúẹ́lì, tí ó ń rán ẹ̀wù kékeré fún ọmọ rẹ̀ lọ́dọọdún, tí ó sì ń mú un lọ fún un ní Ṣílò. A máa ń ronú nípa ìyá yẹn nígbà tí a bá ń ránṣọ. Kò sí lọ́dọ̀ ọmọ náà láti wọ̀n ọ́n. Ó ní láti fi ojú inú wo bí yóò ti ga tó ní àkókò náà, gẹ́gẹ́ bí ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà ní ilé-ìwé tí a ń gbé inú rẹ̀ ti ń ṣe títí di òní. Ẹni tí kò lè rán tuntun lọ́dọọdún lè fi ọ̀pọ̀ ọdún pamọ́ sínú ìṣẹ́tí kan. Bí ẹ bá fẹ́ gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò tàbí gáùn kúrú, ẹ má gé e. Ẹ ká a sínú, bí ó tilẹ̀ tó íǹṣì mẹ́ta, kí ẹ sì fi abẹ́rẹ́ tínrín mú fọ́nrán òwú kan tàbí méjì péré láti ara aṣọ ìta ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí rírán náà má hàn. Bí gígùn náà bá ju èyí tí ìṣẹ́tí lè gbà lọ, ẹ ṣẹ́ ìlọ́po kan yí aṣọ náà ká láti inú, díẹ̀ sókè ìṣẹ́tí, kí ẹ rán an. Ní ọdún kọ̀ọ̀kan, ẹ tú ọ̀kan.

Nígbà tí ẹ bá tú u, ẹ ó rí ìlà kan tí àwọ̀ rẹ̀ ṣì dúdú tàbí tí ó ti funfun ní ibi ìṣẹ́po àtijọ́, nítorí pé oòrùn àti ọṣẹ kò dé ibi gbogbo bákan náà. Omi àti áyọ́ọ̀nù lè pa ojú ìṣẹ́po rẹ́, wọn kò lè dá àwọ̀ padà. Ẹ fi okùn aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ bò ó, tàbí kí ẹ rán ìlà méjì yí i ká pẹ̀lú òwú tí ó bá àwọ̀ rẹ̀ mu. Fún yunifọ́ọ̀mù, ẹ béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ kíláàsì kí ẹ tó fi ohunkóhun bò ó.

Tíṣáàtì àti gbogbo aṣọ tí ó ń fà, abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ rọ̀bọ̀tọ̀ díẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́, kí ó má baà gé fọ́nrán wọn. Ẹ má sì fa òwú le. Apá ṣẹ́ẹ̀tì tí ó gùn jù, tí ó sì ní ìdè ọrùn ọwọ́ tòun ti bọ́tìnnì, kò rọrùn láti gé kúrú nílé; ẹ sọ ọ́ di alápá kúkúrú, kí ẹ sì fi ohun tí ẹ gé sílẹ̀ sínú àkísà yín.

Ní ìgbà tiwa, àwọn ọmọbìnrin ni a kó lọ sí yàrá ìránṣọ, a sì kó àwọn ọmọkùnrin lọ sí ibi iṣẹ́ igi. Ní ojú tiwa, ìpín náà kò dára tó. Ọkùnrin ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn télọ̀ tí a ń gbé aṣọ fún, síbẹ̀ ọmọkùnrin wa kò lè rán bọ́tìnnì tí ó já. Ọmọ ọdún méjìlá, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin, lè ṣẹ́tí ṣòkòtò ara rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti fi hàn án lẹ́ẹ̀mejì. A sì ti ṣàkíyèsí pé ọmọ tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún òkìrìkà rẹ̀ ṣe kì í sábà tijú rẹ̀ mọ́. Bí a bá bi í pé níbo ni ó ti rí i, ohun tí ó ṣe sí i ni yóò máa ròyìn.

Àpótí wa ṣì wà ní yàrá ìránṣọ, Sátidé àkọ́kọ́ oṣù ni a sì máa ń ṣí i, láti aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ títí di ọ̀sán. Ẹ mú aṣọ tí ó ṣòro fún yín wá, kí ọmọ tí yóò wọ̀ ọ́ sì bá yín wá, nítorí a kò lè fi píìnì sára ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ó fi yunifọ́ọ̀mù sílẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn lọ́dún yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ má já bọ́tìnnì rẹ̀ kúrò, kí ẹ má sì gé ìṣẹ́tí rẹ̀ nù bí ó tilẹ̀ ti tú. A máa ń fi gbogbo íǹṣì rẹ̀ ṣe nǹkan.